ÌTÀN ALÁDÌÍTÚ INÚ KÀTÚÙNÙ ÀTI ÀWỌN TÍ Ń WÒ Ó

1. Iyàn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀

Bí ẹ bá ń ti Bọ́ládé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ń lọ sí abẹ́ bíríìjì Òṣòdì, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn sí. Onígbàjámọ̀ ń gẹ irun, ó ń wo orí oníbàárà, ó tún ń jí tẹlifíṣàn wò. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ilé ìwé dé á dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá tí ń ta ẹ̀pà á na ọrùn. Ẹni tí ń dúró de ọkọ̀ Ìsọlọ̀ náà á ní kí òun wo díẹ̀ ná kí òun tó lọ.

Bí ó bá jẹ́ kàtúùnù ni wọ́n ń fi hàn, tí ìtàn náà sì ní àṣírí nínú, ariwo á sọ.

"Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn ló jí i!"

"Irọ́ ni! Ìyá àgbà yẹn ni. Ṣé o ò rí bó ṣe ń wojú ilẹ̀ ni?"

"Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ!"

Ibi tí ìtàn ti dùn jù ni wọ́n á dá a dúró sí. Wọ́n á ní ó di ọ̀la. Àwọn ènìyàn á wá máa bá iyàn wọn lọ títí di ọ̀nà ilé.

Àwọn kan lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, eré ọmọdé nìyẹn." Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́, ìdí tí àwọn tí ń wò ó fi máa ń jiyàn, àti àǹfààní tí ó wà nínú iyàn náà fún àgbà tí ń gbé nínú ìlú ńlá bí Òṣòdì.

2. Kí ni kàtúùnù, kí sì ni àdìítú?

Kàtúùnù ni àwòrán tí a fi ọwọ́ yà, tàbí tí a fi kọ̀ǹpútà yà, tí a sì mú kí ó dà bí ẹni pé ó ń rìn. Kò sí èyí tí ó ń rìn nínú wọn ní tòótọ́. Ojú wa ni wọ́n ń tàn. Wọ́n á ya ọmọ kan tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Wọ́n á tún un yà, ẹsẹ̀ á gòkè sí i. Wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ á ti kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwọn àwòrán náà hàn wá ní kíá, ojú wa á so wọ́n pọ̀, a ó sì ní ọmọ náà ń rìn.

Nínú sinimá, àwòrán 24 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ya kàtúùnù máa ń fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí iṣẹ́ lè dín kù. Nítorí náà, wọ́n lè ya 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ìtàn kan bá gba 20 ìṣẹ́jú, àwòrán 14,400 ni wọn yóò yà. Ẹ rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ eré rárá.

Kàtúùnù ti Èkó wa náà wà. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, ìtàn kan tí a ń pè ní Iwájú jáde. Apá mẹ́fà ni. Ìlú Èkó ti ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Kugali sílẹ̀, àwọn ni wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà ṣe é.

Àdìítú ńkọ́? Orúkọ náà ti sọ ara rẹ̀: ohun tí a dì, tí kò sì rọrùn láti tú. Nínú ìtàn aládìítú, nǹkan kan á sọnù, tàbí iwin kan á máa dẹ́rù ba ará ìlú, a kò sì ní mọ ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi àwàdà sí i, a ó máa rẹ́rìn-ín, a ó sì máa ronú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀kan tí ó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ni Scooby-Doo. Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 13, Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969. Ọ̀dọ́ mẹ́rin àti ajá ńlá kan tí ó ya ojo ni wọ́n máa ń wá ìdí ọ̀rọ̀ kiri. Iwin á lé wọn, wọ́n á sá, ajá á fara pamọ́ sínú agbada. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn, ọwọ́ wọn á tẹ iwin náà. Wọ́n á ṣí ìbòjú rẹ̀, ènìyàn bí tiwa ni wọ́n á bá níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ fi ẹ̀rù lé àwọn ènìyàn lọ ni, kí ó lè rí owó tàbí ilẹ̀ kó.

3. Irú rẹ̀ ti wà ní Èkó láti ọjọ́ pípẹ́

Ìtàn tí ó ní àṣírí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ṣebí a ti ń pa àlọ́ kí tẹlifíṣàn tó dé? Bí ẹni tí ń pa àlọ́ bá ní "Àlọ́ o!", àwọn tí ó jókòó á ní "Àlọ̀!" Wọn kì í kàn jókòó lásán. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á gbe orin, wọ́n á méfò. Ìtàn Yorùbá kò pé bí kò bá sí ẹni tí ń dá a lóhùn.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, àṣà náà bá a wọ inú ìwé. Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó gan-an.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Isaac B. Thomas. Òun ni ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà sì ni olóòtú rẹ̀. Ní Oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Obìnrin náà sọ pé òun ti darúgbó, àìsàn sì ń ṣe òun. Ó ní òun fi ẹwà òun ṣe fàájì kiri nígbà èwe, òun sì ti kábàámọ̀. Ó ní òun kò ní sọ orúkọ òun gan-an.

Lẹ́tà kan jáde, òmíràn tẹ̀lé e. Ó ń dárúkọ àwọn àdúgbò tí ará Èkó mọ̀. Ó ń rántí àwọn orin tí wọ́n ti kọ rí. Ó ń sọkún nínú ìwé, ó sì tún ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó di pé àwọn ènìyàn ń retí ìwé ìròyìn bí ẹni tí ń retí oúnjẹ. Àwọn tí wọ́n mọ̀wé kọ lẹ́tà sí olóòtú, olóòtú sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àánú obìnrin náà ṣe àwọn kan. Àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ọ̀dọ́. Ìbéèrè tí ó sì wà nílẹ̀ ni pé: ta ni Sẹ̀gilọlá?

Àwọn lẹ́tà náà parí ní Oṣù Kẹta ọdún 1930. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé kan. Àṣírí rẹ̀ wá rèé: kò sí obìnrin kankan. Isaac Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ka ìwé yìí sí ìtàn àròsọ gígùn tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá.

Ẹ fi ojú inú wo nǹkan kan. Ká ní ẹnìkan nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn náà dìde, tí ó na ìka sí ìyá arúgbó kan ní àdúgbò rẹ̀, tí ó ní, "Òun ni Sẹ̀gilọlá! Mo mọ̀ ọ́n!" Kí ni ìyá náà ì bá ṣe? Báwo ni ì bá ṣe fi hàn pé òun kọ́? Ìméfò dùn, ṣùgbọ́n ó lè ba ilé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

4. Ìbejì àti ìwé tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́

Ní nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn Sẹ̀gilọlá, irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nínú kàtúùnù tí a ń pè ní Gravity Falls. Alex Hirsch ni ó dá a sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ọdún 2012, ó sì parí ní Oṣù Kejì ọdún 2016. Apá 40 ni gbogbo rẹ̀.

Ìtàn náà dá lórí ìbejì ọmọ ọdún 12, Dipper àti Mabel. Mabel, èyí obìnrin, ni ó kọ́kọ́ jáde. Ní ilẹ̀ wa, òun ni à bá pè ní Táyéwò, a ó sì ní Dipper, tí ó jẹ́ Kẹ́hìndé, ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn àgbà, tí ń jẹ́ Stan. Bàbá yìí ń ta ohun ìyanu ayédèrú fún àlejò, ó sì fẹ́ràn owó púpọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Dipper rí ìwé kan he nínú igbó. Ohun ìyanu inú ìlú náà ni ó wà nínú rẹ̀. Lára èèpo ìwé náà, wọ́n ya ọwọ́ tí ó ní ìka mẹ́fà, bí ọwọ́ ẹni tí àwa ń pè ní Olúgbódi. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ta ni?

Àwọn òǹwòran gbé ìbéèrè yìí lórí fún ọdún bíi mẹ́ta. Wọn kò kàn ń wò ó lásán. Wọ́n á wo apá kan lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n á dá àwòrán dúró, wọ́n á wo ohun tí ó wà lára ògiri. Ní apá kan, wọ́n rí yàrá ìkọ̀kọ̀ nínú ilé Stan. Awò ojú kan wà níbẹ̀. Stan mú un, ó fi pamọ́, ojú rẹ̀ sì fà ro. Àwọn òǹwòran ní, "Ẹ gbọ́ ná, ta ló ni awò yẹn?" Àwọn kan wá dá àbá pé: ó ní láti jẹ́ pé Stan náà ní ìkejì. Ìbejì ni òun náà!

Hirsch rí i pé wọ́n ti fẹ́ já a. Ẹ wo ọgbọ́n Ìjàpá tí ó dá. Ní ọdún 2013, ó mú kí àwòrán ẹ̀tàn kan jáde síta, bí ẹni pé wọ́n jí i gbé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán náà fi hàn pé arúgbó mìíràn kan nínú ìtàn ni ó kọ ìwé náà. Ó tan àwọn kan jẹ. Wọ́n fi àbá wọn tí ó tọ́ sílẹ̀, wọ́n gba èyí tí kò tọ́, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó ti ibi ìkọ̀kọ̀ wá.

Ní ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, ọdún 2015, òtítọ́ jáde. Ìkejì Stan, tí ó ní ìka mẹ́fà, ni ó kọ ìwé náà. Ayọ̀ ńlá ni fún àwọn tí wọ́n fi sùúrù kó àmì jọ. Yorùbá ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

5. Bí ẹni tí ó mọ̀wé ṣe ń tú ọ̀rọ̀ tí a dì

Nǹkan kan tún wà nínú Gravity Falls tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé gbọ́. Ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ àwọn lẹ́tà kan tí kò ní ìtumọ̀ lójú. Ẹni tí kò mọ̀wé á rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tí ó mọ̀wé, tí ó sì ní sùúrù, á rí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Nínú àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n Julius Késárì ni wọ́n lò. Ọ̀gágun Róòmù ni, ó sì kú ní ọdún 44 kí a tó bí Jésù. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni oyè Késárì tí ó wà nínú Bíbélì ti wá. Bí ó bá fẹ́ kọ ìwé tí ọ̀tá kò ní lè kà, dípò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, á kọ èyí tí ó wà ní ìkẹta lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ABD tiwa dán an wò:

A B D E Ẹ F G GB H I J K L M N O Ọ P R S Ṣ T U W Y

Ká ní a fẹ́ kọ "ilé". Ẹ fi ìka sí I, kí ẹ ka mẹ́ta síwájú: J, K, L. Nítorí náà, I di L. Bákan náà, L di O, E sì di G. "Ilé" ti di LOG. Bí ẹ bá dé Y, ẹ padà sí A, kí ẹ máa kà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú u, á ka mẹ́ta sẹ́yìn. A kò ka àmì ohùn mọ́ ọn.

Àwọn bàbá wa náà ní irú ọgbọ́n yìí. Wọ́n ń pàrokò. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó túmọ̀ sí pé, "Ọkàn mi fà sí ọ," nítorí pé "fà" wà nínú ẹẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé, "Ọ̀rọ̀ wa jọra," nítorí pé "jọ" wà nínú ẹẹ́jọ. Ẹni tí kò bá mọ àrokò á rò pé owó lásán ni.

Nígbà tí Gravity Falls parí, ara àwọn òǹwòran kò gbà á. Àwọn kan sunkún. Hirsch wá fi àwọn àmì pamọ́ káàkiri ayé fún wọn. Ní Oṣù Keje ọdún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti Rọ́ṣíà, ó gbé wọn dé Japan, ó sì gbé wọn padà sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó wà nítòsí àmì kan á rí i, á sọ fún àwọn yòókù, wọ́n á jọ tú u. Ní Oṣù Kẹjọ, wọ́n rí ère kan nínú igbó ní Reedsport, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Kò sí ẹnìkan tí ó lè dá a ṣe. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ṣe é.

6. Ohun tí èyí kọ́ wa ní Òṣòdì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí abẹ́ bíríìjì wa. Ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ẹnìkan á kígbe, "Olè! Olè!" Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti pé lé ọ̀dọ́ kan lórí. Ẹni tí kò rí nǹkan kan á ní, "Òun náà ni!" Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti inú danfó á ti gbé igi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣe léṣe ní ìlú wa, àwọn kan sì bá a lọ.

Nínú ìtàn aládìítú, ẹni tí a kọ́kọ́ fura sí kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ṣe é. Ọmọdé tí ń wo Scooby-Doo mọ èyí. Bí a bá ṣìnà nínú kàtúùnù, ẹ̀rín ni a ó fi rín. Bí a bá ṣìnà lábẹ́ bíríìjì, ẹ̀mí ni ó lè lọ sí i, kò sì sí apá kejì tí yóò tún un ṣe. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, kí a tó gba ohun kan gbọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta:

Èkíní: Kí ni mo fi ojú mi rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún mi?

Èkejì: Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn lè wà tí ó fa ohun tí mo rí?

Ẹ̀kẹta: Ta ni ó mú ìròyìn yìí wá, kí sì ni ó fẹ́ kí n ṣe?

Ẹni tí àwòrán ẹ̀tàn Hirsch tàn kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kẹta. Bí a bá rí ẹni tí a fura sí ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí a sì sọ ohun tí a rí nìkan.

Ní ilé náà, ẹ lè lo ìtàn wọ̀nyí. Kì í ṣe gbogbo kàtúùnù ni ó yẹ ọmọdé, nítorí náà, ẹ jókòó tì wọ́n. Bí apá kan bá parí, ẹ bi ọmọ pé, "Ta lo rò pé ó ṣe é?" Bí ó bá dáhùn, ẹ má tíì yìn ín. Ẹ tún bi í pé, "Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè kejì yìí ni ọgbọ́n wà. Bí ó bá ti di àṣà rẹ̀ nínú ilé, yóò bá a dé ọjà, yóò bá a dé abẹ́ bíríìjì.

ÌBÉÈRÈ

1. Àwòrán mélòó ni wọn yóò yà fún kàtúùnù oní-20 ìṣẹ́jú, bí ó bá jẹ́ 12 ni wọ́n ń yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan?
2. Ìwé ìròyìn wo ni ó tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá? Ta ni ó kọ lẹ́tà náà gan-an?
3. Kí ni awò ojú inú yàrá ìkọ̀kọ̀ mú kí àwọn òǹwòran rò?
4. Ẹ fi ọgbọ́n Késárì tú ọ̀rọ̀ yìí: LBG. (Ẹ̀yin náà ń kà á lọ́wọ́ báyìí.)
5. Ẹ kọ orúkọ ara yín ní ọ̀nà kan náà, kí ẹ fún ẹni tí ó jókòó tì yín kí ó tú u.